Láti Etí Òkun Dé Òkè Agou: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Tí Ń Fi Alùpùpù Rìnrìn Àjò

Ọ̀nà kan wà tí ẹni tí ó fẹ́ràn alùpùpù ní Èkó lè tọ̀, tí yóò fi rí òkun àti òkè láàárín ọjọ́ mélòó kan. Yóò gba Àgbádárìgì jáde sí ẹnubodè Sẹmẹ, yóò tẹ̀ lé etí òkun kọjá Kùtọnu, Ouidah àti Grand-Popo, yóò wọ Tógò ní Hillacondji, yóò gba Aného dé Lomé, lẹ́yìn náà ni yóò kọjú sí àríwá lọ sí Kpalimé, níbi tí Òkè Agou, tí ó ga jù lọ ní Tógò, ti nà sókè ní 986 mítà. Láti Èkó dé Lomé kò tó 300 kìlómítà, láti Lomé dé Kpalimé kò sì ju nǹkan bí 120 lọ. Iye yìí gan-an ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Ẹni tí ó bá ka kìlómítà nìkan yóò rò pé ọjọ́ kan tó, kò sì ní í ka ẹnubodè méjì, èdè ìjọba tí ó yí padà, aago tí ó yí padà, iyanrìn, iyọ̀ òkun àti ọ̀nà tí ó dagun mọ́ ara òkè. Nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ tọ́ka sí, ìkánjú ni ó bí èyí tí ó pọ̀ jù.

Àṣìṣe tí ó ṣáájú ni pé kí ènìyàn mú ọ̀kadà tí ó fi ń lọ sọ́jà, kí ó di ẹrù lé e, kí ó sì kọjú sí Àgbádárìgì. Òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2018 kò fàyè gba alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó 200 cc lójú àwọn òpópónà ńlá, nítorí náà wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé e kí ó tó fojú kan òkun rárá. Bí a bá tilẹ̀ fi ti òfin sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì 100 cc tí ó gbé ènìyàn méjì àti àpò ńlá kan yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ lára Òkè Agou. Àwọn mìíràn ń ṣe òdìkejì èyí: wọn a ra alùpùpù 1000 cc ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ rìn, láì tíì mọ bí ó ti wúwo tó nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ fà á jáde nínú iyanrìn. Lójú tèmi, alùpùpù tí ènìyàn ti mọ ìwà rẹ̀ dunjú, tí ó wà láàárín 200 sí 400 cc, tó fún ọ̀nà yìí.

Ní ti ìwé, ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé, “ECOWAS ni gbogbo wa, ta ni yóò bi mí ní ìwé?” Òótọ́ ni pé ọmọ orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú ECOWAS lè wọ orílẹ̀-èdè kejì láì gba físà fún 90 ọjọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn ni òfin náà ń sọ, alùpùpù ní ìwé tirẹ̀. Ìbánigbófò tí a gbà ní Nàìjíríà nìkan kò tó mọ́ bí a bá ti kọjá Sẹmẹ. Búráùn káàdì ti ECOWAS, tí àwọn orílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí ní Kùtọnu ní ọdún 1982, ni ó ń dúró fún ẹni tí ó bá ṣèèṣì kọ lu ẹlòmíràn ní òkèèrè, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò nílé ni a sì ti ń gbà á. Lẹ́yìn èyí ni ìwé tí àwọn aṣọ́bodè ń pè ní laissez-passer, tí ó ní iye ọjọ́ tí alùpùpù lè lò nínú ìlú wọn. Bí orúkọ ẹlòmíràn bá wà lórí ìwé alùpùpù náà, kí onítọ̀hún kọ lẹ́tà àṣẹ kí a tó gbéra. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú náà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Àwọn kan a sì tẹ̀ lé ọlọ́kadà àdúgbò gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá láì gba òǹtẹ̀. Wọn a rò pé àwọn gbọ́n, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ padà, tí a ó bi wọ́n ní ibi tí wọ́n gbà wọlé.

Láti Kùtọnu dé Ouidah, nǹkan bí 40 kìlómítà, ọ̀nà méjì ni ó wà. Òpópónà ńlá gba inú ilẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń pè ní Route des Pêches, ìyẹn ọ̀nà àwọn apẹja, rọ̀ mọ́ etí òkun láàárín àwọn igi àgbọn. Wọ́n ti da ọ̀dà sí apá kan rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń sáré níbẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Iyanrìn tí atẹ́gùn gbá sórí ọ̀dà burú ju iyanrìn tí ó tẹ́ lọ bẹẹrẹ, nítorí ojú kì í tètè rí i. Nígbà tí tááyà iwájú bá bọ́ sínú rẹ̀, ọwọ́ ẹni tí ẹ̀rù bà yóò lọ tààrà sí bíréèkì iwájú, orí iyanrìn náà ni yóò sì bá ara rẹ̀. Kí ó tó dé ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó ti dín eré kù. Bí ó bá ti wọ inú rẹ̀, kí ó di ọwọ́ alùpùpù mú láì fún un pa, kí ó fún ẹ́ńjìnnì ní iná díẹ̀díẹ̀, kí ojú rẹ̀ sì wà ní ọ̀ọ́kán, kì í ṣe lára tááyà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ dé Ouidah ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní, nígbà ìsinmi ọdún Vodun ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kí ó má ṣe rò pé òun yóò rí yàrá gbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó bá dé.

Ooru máa ń mú ẹni tí ó wọ jákẹ́ẹ̀tì àti bàtà gígùn, òkun sì ń pe ènìyàn. Kí ó má jẹ́ ẹ. Ìṣàn abẹ́ omi etíkun yìí lágbára púpọ̀, ó sì ń gbé ẹni tí ó mọ odò wẹ̀ lọ. Kí ènìyàn má sì gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán ọ̀nà inú fóònù jù láàárín Aného àti Lomé, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí èbúté Lomé ní ọdún 1968 ni òkun ti ń jẹ ilẹ̀ ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀ lójú méjèèjì, tí ó ti gbé ilé mì, tí ó sì ti gbé apá kan ọ̀nà àtijọ́ mì pẹ̀lú.

Àṣìṣe tí kì í pariwo ni ti iyọ̀. Atẹ́gùn òkun ọjọ́ méjì tó láti mú kí ṣéènì bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà, ọ̀pọ̀ ni kò sì fọ alùpùpù ní Lomé kí wọ́n tó kọjú sí òkè. Omi lásán, aṣọ gbígbẹ àti ọ́ìlì ṣéènì, kò gbà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Kí a tún wo bí ṣéènì ti le tó nígbà tí ẹrù àti ènìyàn bá ti wà lórí alùpùpù, nítorí èyí tí ó dára nígbà tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀ lè le koko bí ẹ̀yìn bá ti tẹ̀.

Kpayo ni orúkọ epo inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Bẹ̀nẹ̀, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ epo Nàìjíríà tí wọ́n gbà lọ́nà fàyàwọ́. Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kò tún pọ̀ lówó pọ́ọ́kú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí àti omi inú rẹ̀ kò dín kù. Ẹni tí ó bá rà á nítorí náírà díẹ̀ ń kó ìdọ̀tí sínú kábúrẹ́tọ̀, orí òkè tí kò sí mẹkáníìkì ni yóò sì ti mọ̀. Ilé epo ni kí a ti máa rà, kí a sì rọ̀ ọ́ kún ní Kpalimé kí a tó gun òkè kankan.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ aago, nítorí òun ni ó mú èmi fúnra mi. Aago kan náà ni Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ ń lò, ṣùgbọ́n Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọjá Hillacondji, inú mi dùn pé mo rí wákàtí kan he. Mo kúrò ní Lomé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo ní ìmọ́lẹ̀ yóò bá mi dé Kpalimé gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí ní Èkó, àfi bí ilẹ̀ ṣe ṣú kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù. Òòrùn kò mọ̀ pé ènìyàn ti yí aago. Lójú òkùnkùn yẹn ni mo ti fò kọjá bọ́m̀pù mẹ́ta ní abúlé kan, èyí tí ó kẹ́yìn sì já okùn ẹrù mi.

Bí a bá dé òkè, gígùn-ún kọ́ ni ó ń ṣe àwọn awakọ̀ wa léṣe jù, sísọ̀ ni. Àṣà kan wà tí ọ̀pọ̀ kọ́ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà, pé bí ọ̀nà bá ti dà sísàlẹ̀, kí wọ́n yọ jíà sí fírì, àwọn mìíràn a tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì, kí epo má baà jó. Lórí afárá kékeré ní ìlú, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Ní ọ̀nà Kouma-Konda, abúlé orí òkè kan nítòsí Kpalimé, tàbí níbi tí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti Agou, ìwà ìpara-ẹni ni, nítorí bíréèkì nìkan ni yóò máa ru gbogbo ìwúwo náà. Yóò gbóná títí kò fi ní í lè mú mọ́, pàápàá bíréèkì onílù tí ó wà lára ọ̀pọ̀ alùpùpù kéékèèké. Jíà kejì tàbí ẹ̀kẹta ni kí a fi sọ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa fà wá sẹ́yìn, kí a máa tẹ bíréèkì méjèèjì ní ìgbà díẹ̀díẹ̀ dípò kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí òórùn jíjó bá ti ń rú, kí a dúró kí ó tutù.

Kọ́nà ni ìyókù. Ẹni tí ó bá wọ kọ́nà pẹ̀lú eré, tí ó wá ń wá bíréèkì láàárín rẹ̀, ti pẹ́ jù. Kí a tó wọ̀ ọ́ ni kí a ti mú eré wá sílẹ̀. Kí a má sì gé kọ́nà sí apá òdìkejì nítorí pé a kò gbọ́ ìró ọkọ̀, torí ọkọ̀ tí ń sọ̀ bọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dún. Ẹ fun fèrè. Ẹrù tí a dì sókè gogoro sẹ́yìn náà léwu, nítorí ó ń mú kí tááyà iwájú fúyẹ́ nígbà tí a bá ń gun òkè; àpò méjì tí ó sọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ dára jù ú lọ. Láti oṣù kẹrin dé ìkeje, àti ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, òjò ń bo ọ̀nà wọ̀nyí pẹ̀lú ẹrẹ̀ àti ewé títutù, kùrukùru sì máa ń wà lórí òkè ní òwúrọ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, ojú ọ̀nà gbẹ, ṣùgbọ́n eruku a máa bo òkè náà débi pé ẹni tí ó wá wòran kò ní í rí jìnnà.

Àwọn tí ó bá ti Kpalimé tẹ̀ síwájú dé Atakpamé yóò bá àwọn Ifẹ̀-Ana pàdé, tí èdè wọn bá tiwa tan. Àṣìṣe ni kí a máa fi Faransé wúruwùru bá àgbàlagbà ibẹ̀ sọ̀rọ̀ láì tíì fi Yorùbá kí i wò. Bí ó bá sì gbé sodabi kalẹ̀, kí a rántí pé ògógóró ni, kí a dúpẹ́, kí a sì jẹ́ kí ó di alẹ́ tí a ti gbé alùpùpù sílé.

Láti Atakpamé padà sí Lomé, ọ̀nà náà tẹ́jú, kò sì ní òkè púpọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń tú ara sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà àwọn tirela tí ń kó ẹrù láti èbúté lọ sí Burkina Faso àti Niger ni. Bí a bá rí ẹ̀ka igi tútù tí wọ́n tò sójú títì, tirela kan ti bàjẹ́ níwájú. Kí a dín eré kù lójú ẹsẹ̀. Ní Hillacondji, kí a dá laissez-passer ti Tógò padà kí a tó kọjá, kí a sì yí aago ọwọ́ wa síwájú ní wákàtí kan, nítorí ẹni tí ó rò pé aago mẹ́ta ni òun ń wọ Bẹ̀nẹ̀, aago mẹ́rin ni, Sẹmẹ sì ṣì kù níwájú.