Bí a ṣe ń dá àwo Led Zeppelin II tí Robert Ludwig fín mọ̀, kí a tó sanwó rẹ̀

Ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1969 ni ilé iṣẹ́ Atlantic gbé Led Zeppelin II, àwo orin ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Led Zeppelin, jáde ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni SD 8236. Ẹ̀dà rẹ̀ pọ̀ lọ́jà bíi kí-ló-dé, owó táṣẹ́rẹ́ sì ni wọ́n ń ta ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èyí tí àwọn tó ń kó àwo jọ ń lé kiri ni èyí tí Robert Ludwig fín ní ilé iṣẹ́ Sterling Sound, New York, ìyẹn ni pé òun ló gé ìlà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ sára àwo ìpilẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n fi tẹ àwọn yòókù. Ludwig jẹ́ kí ohùn rẹ̀ ròkè, ó sì jẹ́ kí béèsì rẹ̀ kún, débi pé abẹ́rẹ́ àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ayé ìgbà náà ń fò kúrò lójú ìlà. Nígbà tí ẹ̀sùn náà dé etígbọ̀ọ́ Atlantic, wọ́n ní kí wọ́n tún un fín, kí wọ́n fa ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Àtúnfín yẹn ló wà lára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀dà tí ẹ máa bá pàdé.

Lẹ́tà méjì ló ń yanjú ọ̀rọ̀ náà: RL. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́ sí ibi dídán tó wà láàárín orin tó kẹ́yìn àti lébẹ̀lì. SS, ìyẹn Sterling Sound, sábà máa ń tẹ̀ lé e. RL gbọ́dọ̀ wà lójú àwo méjèèjì. Ẹ̀dà kan wà tí ojú kan rẹ̀ jẹ́ ti Ludwig, tí ojú kejì sì jẹ́ àtúnfín, nítorí pé ojú kọ̀ọ̀kan ló ní irin tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ tirẹ̀, ilé iṣẹ́ sì lè pààrọ̀ ọ̀kan kó tó kan èkejì. Irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ kò tó èyí tó pé lówó rárá. Bí ẹni tó ń tà á bá ya àwòrán ojú kan ṣoṣo ránṣẹ́, ẹ béèrè ìkejì. Bó bá ń fì í falẹ̀, ẹ gbé owó yín sápò.

Bí ẹ bá fẹ́ wò ó dáadáa, ẹ di àwo náà mú ní etí, kí ìka yín má kan ojú ìlà. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ ojú àwo. Ìmọ́lẹ̀ tó ti òkè wá tààrà máa ń pa lẹ́tà rẹ́ ni. Ẹ máa yí àwo náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yípo tán. Nọ́ńbà tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni ST-A-691671 lójú kìíní, àti ST-A-691672 lójú kejì. Kì í ṣe òun là ń wá, nítorí ó wà lára àwọn tí kì í ṣe ti Ludwig náà. RL kéré, ó lè jìnnà sí nọ́ńbà yẹn, ó sì lè fẹ́lẹ́ débi pé fóònù kò ní gbé e bí ẹ kò bá yí igun ìmọ́lẹ̀ padà. Ẹ má ṣe fi MR tó wà nínú òbìrí kékeré pè é: àmì Monarch, ilé tó ń tẹ àwo ní Los Angeles, nìyẹn, wọ́n sì máa ń kọ onígun-mẹ́ta kan pẹ̀lú nọ́ńbà sí ìtòsí rẹ̀.

Lébẹ̀lì wúlò, àmọ́ kò lè dájọ́. Èyí tí ẹ ń wá máa ní lébẹ̀lì aláwọ̀ pupa àti ewé, tí àdírẹ́sì 1841 Broadway wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 75 Rockefeller Plaza ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ dá a padà, ó ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n Atlantic ṣì lo 1841 Broadway fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn àtúnfín, nítorí náà àwọn ẹ̀dà tó ní àdírẹ́sì yẹn láìní RL kò lóǹkà. "Àtẹ̀jáde àkọ́kọ́" tí olùtajà kọ sábẹ́ àwòrán kò túmọ̀ sí pé Ludwig ló fín in. PR, MO, CP tàbí CTH tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà lórí lébẹ̀lì wulẹ̀ ń sọ ilé tó tẹ àwo náà ni: Presswell, Monarch, Columbia ti Pitman, tàbí Columbia ti Terre Haute.

Owó tó wà nídìí ẹ̀ ti jẹ́ kí àwọn kan máa fi abẹ́rẹ́ kọ RL sára ẹ̀dà lásán. Lẹ́ńsì tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá máa tú wọn fó. Orí àwo ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n kọ RL tòótọ́ sí. Láti ibẹ̀ ló ti gba ara irin bọ́ sínú àwo tí wọ́n tẹ̀, nítorí náà ó jìn wọlé, etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń dán bákan náà pẹ̀lú ibi tó yí i ká. Èyí tí wọ́n kọ sára fáínẹ̀lì, ìyẹn ike tí wọ́n fi ṣe àwo, lẹ́yìn tó ti gbẹ máa ń ní etí ṣágiṣàgi, ibi tí abẹ́rẹ́ gbẹ́ máa ń funfun díẹ̀, nígbà mìíràn ẹ ó rí fáínẹ̀lì tó hù sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà. Ẹ fi bí nọ́ńbà ST-A ṣe rí wé e.

Ká ní RL ti pé lójú méjèèjì. Iṣẹ́ kò tíì parí, ibí gan-an ló sì ti máa ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn. Ohun tó sọ àwo yìí di olówó ńlá náà ló ń bà á jẹ́. Ìlà rẹ̀ ń fì lọ fì bọ̀ gan-an nítorí ohùn tó ròkè. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ọdún 1969 sì lè fi giráàmù márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ katiríìjì (ohun tó gbé abẹ́rẹ́ dání) òde òní kò nílò ju nǹkan bíi giráàmù méjì. Abẹ́rẹ́ tó wúwo tí kò lè tẹ̀ lé ìlà máa ń gé ògiri rẹ̀ ni. Ojú kì í rí ọgbẹ́ yẹn. Àwo lè máa dán gbinrin kí gìtá rẹ̀ sì máa han bí ẹni pé ó gba inú bébà kọjá. Ìdí nìyẹn tí ipò tí wọ́n kọ sí i, ì báà jẹ́ VG+ (ó dára gan-an) tàbí NM (ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi tuntun), kò fi tó bí ojú lásán ni wọ́n fi wò ó. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti gbé e sórí ẹ̀rọ, kí ẹ sì ní kí wọ́n ká orin tó kẹ́yìn lójú kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí yín.

Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbọ́ ọ, torí ìdọ̀tí inú ìlà máa ń jọ àwo tó ti jẹ. Omi distilled ìwọ̀n mẹ́rin sí ọtí isopropyl ìwọ̀n kan, pẹ̀lú ẹ̀kán méjì ọṣẹ olómi tí kò ní òórùn, ti tó. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tẹ̀ lé ìlà yípo, ẹ má ṣe gbá a kọjá ìlà. Ẹ má jẹ́ kí omi kan lébẹ̀lì. Ẹ wá fi omi distilled lásán ṣàn án, kí ẹ gbé e nàró títí yóò fi gbẹ. Omi ẹ̀rọ máa ń fi ìyọ̀ sílẹ̀ nínú ìlà, ariwo ta-ta-ta tó sì máa jáde lẹ́yìn náà kì í ṣe ẹ̀bi àwo.

Bí ẹ bá wá gbé e sí i, ẹ má fi ìbẹ̀rẹ̀ Whole Lotta Love dá a lẹ́jọ́. Etí àwo ni orin yẹn wà, ìlà ibẹ̀ gùn, ó sì máa ń dún dáadáa kódà lórí ẹ̀dà tó ti gbó. Ibi tó yẹ kí ẹ lọ ni Bring It On Home, orin tó kẹ́yìn lójú kejì. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀, dùùrù ẹnu ló wà níbẹ̀, gbogbo ariwo ojú àwo á fara hàn. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ẹgbẹ́ bú sí i nítòsí lébẹ̀lì, níbi tí ìlà ti kúrú, tí àwo tó jẹ sì ti máa ń jẹ́wọ́. Bí ohùn bá ya níbẹ̀, ẹ yẹ ìtò katiríìjì yín wò ná, kí ẹ fi àwo mìíràn tó dájú dán an wò. Bí ìyẹn bá dún geere, ọgbẹ́ náà wà nínú ìlà, fífọ̀ kò sì lè wò ó. Abẹ́rẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń kan ibòmíràn lára ògiri ìlà lè dín in kù. Lójú kìíní, ẹ tẹ́tí sí òpin Thank You, níbi tí ohùn ti lọ sílẹ̀ tó sì tún padà wá.

Ohùn Robert Plant, akọrin ẹgbẹ́ náà, tó ń dún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó tó kígbe gan-an ní apá ìgbẹ̀yìn Whole Lotta Love kì í ṣe àléébù àwo. Inú téèpù ló ti wá, ẹ̀dà yòówù tí ẹ bá rà ni yóò ti dún. Àwọn kan ti torí ẹ̀ dá àwo tó dára padà.

Àpò rẹ̀ ṣe é ṣí bí ìwé, David Juniper ló sì ya iwájú rẹ̀ láti inú àwòrán àwọn awakọ̀ òfuurufú Jámánì ìgbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Kò ṣòro láti rí àpò tó dára lára ẹ̀dà lásán kí ẹ fi rọ́pò èyí tó ya, nítorí náà ẹ má sanwó gọbọi torí àpò. Àpò tó ní kóòdù onílà fún ẹ̀rọ ìsanwó kì í ṣe ti ìgbà yẹn.

Bí ẹ bá ti rà á tán, inú àpò pólítíìnì tí kò ń kó eruku ni kí ẹ fi àwo sí, kì í ṣe bébà lásán tó ń ha á. Àpò ìta tó jẹ́ PVC kò dáa, torí bó bá pẹ́, á tú èròjà sára àwo, ojú rẹ̀ á wá ṣú. Inàró ni kí ó wà, níbi tí oòrùn kò dé. Bí wọ́n bá máa fi ránṣẹ́, kí wọ́n yọ àwo kúrò nínú àpò aláwòrán, kí wọ́n fi sẹ́yìn rẹ̀ láàárín páálí méjì, nítorí bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ sínú rẹ̀, etí àwo ni yóò la ojú ìlẹ̀mọ́ àpò nígbà tí ẹrù náà bá já lulẹ̀.