Lẹ́tà méjì tí mo máa ń tẹ̀ fún àwọn òbí ní Àkúrẹ́

Ìtòsí Alágbàká ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi wà, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba pọ̀ sí. Yàtọ̀ sí àwọn tó ń tẹ ìwé ìwáṣẹ́, àwọn òbí àti àwọn àgbàlagbà láti abúlé máa ń gbé ẹ̀sùn ilé ìwé wá bá mi, oríṣi méjì ló sì máa ń jẹ́. Àwọn kan á ní, “Ìjọba ní àwọn ti kọ́ kíláàsì sí abúlé wa, àwa ò rí i.” Àwọn mìíràn á ní, “Wọ́n gbé fọ́tò ọmọ mi sórí Facebook, ẹnikẹ́ni ò bi mí.” Ti àkọ́kọ́ fẹ́ rí ohun tí wọ́n fi pa mọ́ fún un. Ti èkejì fẹ́ kí wọ́n bá òun pa nǹkan òun mọ́. Òfin ọ̀tọ̀ ló gbè kálukú wọn. Tí ẹ bá da méjèèjì pọ̀ sínú lẹ́tà kan, ọ́fíìsì á rí àyè lé yín padà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìjọba. Oṣù Karùn-ún ọdún 2011 ni Òfin Òmìnira Ìròyìn, tí gbogbo èèyàn ń pè ní FOI, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ló lè fi béèrè ìwé tó wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba, kò sì pọn dandan kó sọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Tí akọ̀wé bá bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ rọra sọ fún un pé òfin ò ní kí ẹ sọ. Ẹ má bá a jà o. Akọ̀wé tí ẹ bá kí dáadáa ló máa ń júwe yàrá tí fáìlì wà.

Wọ́n tún lè ní òfin ìjọba àpapọ̀ ni, pé kò kan Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀rọ̀ yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Oníròyìn kan béèrè ìwé ìṣirò owó ìpínlẹ̀ yìí, wọn ò fún un, ẹjọ́ sì dé Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn tó wà níbí ní Àkúrẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, àwọn adájọ́ ní òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Àbújá sọ bẹ́ẹ̀ náà nínú ẹjọ́ tó wá láti Ẹdó. Mo máa ń fi ẹjọ́ méjèèjì sínú lẹ́tà kí àríyànjiyàn má baà pọ̀.

Ohun tó ń pa lẹ́tà jù ni ìbéèrè tí kò ní ibi tó dúró sí. Bàbá kan jókòó tì mí, ó ní kí n kọ ọ́ pé, “Ẹ sọ orúkọ ẹni tó jẹ owó kíláàsì wa.” Mo ní, “Bàbá, ẹ máa bínú, ẹni tó jẹ owó ò sí nínú fáìlì. Orúkọ agbaṣẹ́ṣe ló wà níbẹ̀, àti iye tí wọ́n san fún un.” Ìwé ni kí ẹ béèrè, ẹ má béèrè ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ dárúkọ ilé ìwé, ẹ dárúkọ ọdún, ẹ dárúkọ irú ìwé tí ẹ ń wá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa ń fi tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n báyìí ló ṣe máa ń rí:

“Mo ń béèrè ìwé lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ẹ̀dà àwọn ìwé wọ̀nyí lórí kíláàsì mẹ́ta tí wọ́n gbé jáde fún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé wa ní ọdún 2022: ìwé àdéhùn pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe, ìwé tó to ohun èlò àti iye owó wọn lẹ́sẹẹsẹ, ìwé ìsanwó, àti ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ ti parí. Tó bá jẹ́ ọ́fíìsì mìíràn ni ìwé náà wà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi lẹ́tà mi ṣọwọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí n mọ̀. N óò san owó ẹ̀dà. Mò ń retí èsì yín láàárín ọjọ́ 7.”

Ó tán. Ẹ má kọ ìtàn sí i. Ọ̀rọ̀ kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń wà lọ́dọ̀ SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Owó tí òfin gbà kí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín kò ju ti dída ìwé kọ lọ. “Owó fọ́ọ̀mù” tàbí “owó ọ̀gá” kò sí nínú òfin kankan.

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ fún wọn ní ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìkejì, kí ẹni tó gbà á kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i. Mo mọ àwọn tó fi oṣù rìn lọ rìn bọ̀ nítorí pé ẹ̀dà wọn ò ní òǹtẹ̀, ọ́fíìsì sì ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan rí. Tí wọ́n bá kọ̀ láti lu òǹtẹ̀, ẹ gba ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ, ẹ fi ránṣẹ́ lọ́nà tí wọ́n á fi fún yín ní rìsíìtì, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì náà bí ẹ ṣe ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ lè rán ẹlòmíràn, ó sì lè fi ẹnu sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, kó sì fún un ní ẹ̀dà. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ gan-an ni kò mọ èyí.

Láti ọjọ́ tí wọ́n bá gbà á, wọ́n ní ọjọ́ 7. Tí iṣẹ́ wíwá ìwé náà bá pọ̀, wọ́n lè fi ọjọ́ 7 kún un, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Tí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ apá òfin tí wọ́n gbára lé, kí ẹni tó pinnu rẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá dákẹ́, òfin ka ìdákẹ́ náà sí kíkọ̀. Láti ìgbà náà ẹ ní ọjọ́ 30 láti dé ilé ẹjọ́, owó ìtanràn tí adájọ́ lè bù fún ọ́fíìsì tó kọ̀ láìtọ́ sì jẹ́ 500,000 náírà. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ bá Legal Aid Council.

Àwọn ohun kan wà tí wọn kì í fún èèyàn, wọn ò sì jẹ̀bi. Apá 14 òfin kan náà dáàbò bo fáìlì akẹ́kọ̀ọ́. Iye ọmọ tó yege àti iye tó fìdí rẹmi, gbogbo aráàlú ló lè béèrè rẹ̀. Orúkọ ọmọ tó fìdí rẹmi, ti òun àti òbí rẹ̀ nìyẹn. Ìyá kan bínú sí mi nígbà tí mo kọ̀ láti tẹ lẹ́tà tí yóò fi béèrè èsì ìdánwò ọmọ aládùúgbò rẹ̀. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Lẹ́tà kejì, tọmọ ni. Apá 37 ìwé òfin Nàìjíríà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àṣírí ara rẹ̀, ti ilé rẹ̀ àti ti ìwé rẹ̀. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 wá ṣe é ní lẹ́sẹẹsẹ, ó sì mú ilé ìwé ìjọba àti ti aládàáni pọ̀. Òbí ló ń fún ilé ìwé ní àṣẹ lórí ohun tí ọmọdé kò lè fọwọ́ sí fúnra rẹ̀. Òfin náà ní ìdákẹ́ kì í ṣe ìfọwọ́sí. Nítorí náà, ìwé tí wọ́n fi rán ọmọ sí yín pé “tí a kò bá gbọ́ lẹ́nu yín, a ti gbà pé ẹ fọwọ́ sí i” kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ sì lè fa àṣẹ tí ẹ ti fún wọn padà nígbàkúgbà.

Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán ohun tó wà lójú fóònù, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí wọ́n tó pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ rí ọ̀gá ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni “Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi yọ fọ́tò yẹn” máa ń parí rẹ̀. Tí kò bá parí rẹ̀, ẹ kọ̀wé: ẹ dárúkọ ohun tí wọ́n gbé jáde, ibi tó wà, ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n yọ, àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún orúkọ ọmọ tó jẹ owó ilé ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì, tàbí jínótáìpù ọmọ tí wọ́n kà síta ní àsẹ́ńbìlì. Èyí tó dùn mí jù lára wọn ni ti géètì, nítorí gbèsè bàbá ni wọ́n fi ń dójú ti ọmọ. Tí ilé ìwé bá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ẹ fi ẹ̀sùn ṣọwọ́ sí NDPC ní Àbújá, àjọ tó ń bójú tó òfin náà, pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà yín.

Òfin yìí kan náà fún yín láyè láti rí ohun tí ilé ìwé kọ sílẹ̀ nípa ọmọ yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n tún èyí tó ṣì ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lò ó kí wọ́n tó forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún WAEC. Ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí tí wọ́n kọ hàn yín, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ NIN ọmọ náà. Ẹní bá ti wá tún ọjọ́ ìbí ṣe lẹ́yìn tí ìwé ẹ̀rí ti jáde mọ ohun tí ojú rí.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwa onítẹ̀wé, tí n óò fi ba ọjà ara mi jẹ́ díẹ̀. Ẹ má kọ NIN yín sínú lẹ́tà FOI, òfin ò béèrè rẹ̀, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù tó. Ẹ gba gbogbo ẹ̀dà tó bàjẹ́ lọ́wọ́ wa, torí ìwé tó bàjẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kì í pẹ́ dọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́pà, ẹ̀yin náà ti rí èsì ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n fi wé ẹ̀pà rí. Ẹ dúró kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ pa á rẹ́ lójú yín, kó sì da ohun tó wà nínú Recycle Bin nù. Tó bá jẹ́ WhatsApp lẹ fi gbé ìwé náà sórí kọ̀ǹpútà wa, ẹ ṣí Linked devices lórí fóònù yín, kí ẹ yọ kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó gun ọ̀kadà.