Àyè mẹ́rin péré: bí a ṣe ń yan ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí a máa kọ fọ́ọ̀mù sí

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé ìwé kan síwájú mi lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Yunifásítì mẹ́rin ló kọ síbẹ̀, ó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ wọn. Mo bi í pé, "Kí ló dé tó o mú èyí àkọ́kọ́?" Ó ní, "Àǹtí, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n." Ìkejì ńkọ́? Gbogbo ayé ló mọ ìyẹn náà. Nígbà tá a fi máa dé ìkẹrin, òun fúnra rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín.

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀, torí irú ìwé tí èmi náà kọ lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú nìyẹn. Ibi mẹ́rin tórúkọ wọn ń dún bí agogo ni mo kọ fọ́ọ̀mù sí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dá mi padà, mẹ́ta ò tiẹ̀ pè mí fún intafíù. Máàkì mi ò burú. Ibi tí mo gbé e lọ ni kò gbà á. Lọ́dún kejì, pẹ̀lú máàkì tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, ibi mẹ́ta pè mí, méjì sì gbà mí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti kàwé, torí náà òfin ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù. UCAS, tí fọ́ọ̀mù yunifásítì ibẹ̀ ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ń fún èèyàn láyè márùn-ún, ṣùgbọ́n ìṣègùn ò gbọ́dọ̀ ju mẹ́rin lọ nínú rẹ̀. O ò sì lè kọ Oxford àti Cambridge pa pọ̀ lọ́dún kan náà. Gbèdéke ni aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ kọ́ nǹkan míì ṣì ní àyè títí wọnú oṣù Kìíní.

Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ ni kó o kọ́kọ́ kà, kó o tó ka orúkọ yunifásítì kankan. Mú ìwé, kọ máàkì rẹ sílẹ̀ bó ṣe rí, má bù sí i. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rèé: GCSE rẹ̀, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, dára gan-an, 9 àti 8, tó jẹ́ máàkì tó ga jù, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tíṣà rẹ̀ ń retí A mẹ́ta fún A-level rẹ̀, ìdánwò àṣekágbá kí wọ́n tó wọ yunifásítì. UCAT rẹ̀ ló wà láàárín méjì, kò ga, kò sì wálẹ̀. Ìdánwò ìgbaniwọlé ìṣègùn tí wọ́n ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà ni UCAT, láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń ṣe é, kì í sì í pẹ́ tí máàkì rẹ̀ fi ń tẹ èèyàn lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé wàá ti mọ iye tó o gbà kí gbèdéke tó dé. Mo ti rí ọmọ tó ti búra fún yunifásítì mẹ́rin látinú oṣù Kẹrin, tó wá ń bẹ máàkì oṣù Kẹjọ pé kó jọ̀ọ́ bá òun dé ọ̀hún. Máàkì kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ṣọ́ra fún ìmọ̀ràn tó ti gbó o. Wọ́n yọ apá kan kúrò nínú UCAT lọ́dún 2025, torí náà 2700 ni gbogbo máàkì rẹ̀ báyìí, kì í ṣe 3600 mọ́. BMAT, ìdánwò ìgbaniwọlé mìíràn táwọn ẹ̀gbọ́n yín máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti 2023.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nígbà yẹn ni pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òṣùwọ̀n táwọn ilé-ẹ̀kọ́ yìí fi ń wọn èèyàn. Ibì kan á to gbogbo ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù láti orí UCAT tó ga jù dé èyí tó kéré jù, á wá gé e níbi tí àyè intafíù bá tán sí. Ibòmíràn ní iye kan tó o gbọ́dọ̀ gbà. Tó o bá ti fo ìyẹn, wọn ò ní wo UCAT mọ́. Òmíràn á sọ GCSE rẹ di máàkì, á rò ó pọ̀ mọ́ UCAT. Apá kan tún wà nínú ìdánwò yẹn tó ń wo bí èèyàn ṣe ń ṣèdájọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìwà, ipele 1 sí 4 ni wọ́n fi ń pín in. Àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé tó o bá ti bọ́ sí ipele 4, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, ì báà jẹ́ ìwọ lo mọ̀wé jù nílé-ìwé yín. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọmọ tí GCSE rẹ̀ dára, tí UCAT rẹ̀ wà láàárín, kí ló ń wá lọ síbi tí wọ́n ti ń fi UCAT nìkan to èèyàn?

A ṣí ojú ìwé ìgbaniwọlé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí à ń wá ni máàkì tó kéré jù tí wọ́n pè fún intafíù lọ́dún tó kọjá. Nígbà míì wọ́n á fi pamọ́ sínú PDF kan nísàlẹ̀ pátápátá. Tó ò bá rí i, kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì wọn. Nígbà tá a dé ibi kẹta, ọmọ náà fò sókè: "Àǹtí, mo jù ú lọ!" Mo sún mọ́ ọn, mo wò ó. Ìlà tó ń kà jẹ́ tàwọn ọmọ tí wọ́n ń dín máàkì tí wọ́n ń béèrè kù fún nítorí ilé-ìwé tàbí àdúgbò tí wọ́n ti wá. Ìlà tirẹ̀ ló wà lókè ìyẹn, ó sì fi ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ju iye tó gbà lọ. Ó dákẹ́. Ó mú bírò pupa yẹn náà, ó fi dá orúkọ ibẹ̀ nù.

Ìlà mìíràn tún wà tó ń ṣini lọ́nà, ti ọmọ ilé àti ọmọ òkèèrè. Ní England, ìjọba ò jẹ́ kí àyè ìṣègùn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fáwọn tó wá láti òkèèrè ju bí ìdá méje àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ irú ìwé ìgbélùú tí ọmọ yín ní kẹ́ ẹ tó máa ka máàkì: pé ẹ ti ń gbé ìlú láti ọjọ́ pípẹ́ nìkan kò sọ ọ́ di ọmọ ilé lójú yunifásítì. Owó ọ̀hún ò tiẹ̀ jọra rárá.

Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà, bákan náà lọ̀rọ̀ rí, orúkọ ló yàtọ̀. MCAT ni ìdánwò ìgbaniwọlé tiwọn, máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 472 dé 528. MSAR, àkójọ ìsọfúnni tí AAMC, àjọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ibẹ̀, ń gbé jáde, ń fi máàkì àwọn tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gbà hàn, ibẹ̀ lo ti máa rí bóyá ibi tó o fẹ́ máa ń gba ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn. Ní Texas, òfin ló ní kí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún péré lè jẹ́ àlejò láwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ìjọba. Tí o kì í bá ṣe ọmọ ibẹ̀, mọ̀ pé ojú ihò abẹ́rẹ́ lo fẹ́ gbà.

"Orúkọ ńlá ńkọ́, Àǹtí?" Mo mọ̀ pé ó máa bi mí. Mo ní kó gbọ́. Àwọn tó ń parí ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 2025 ń jókòó fún MLA, ìdánwò àṣejáde tí GMC, àjọ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ níbẹ̀, gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Láti 2024, nígbà tí wọ́n bá ń pín dókítà tuntun sí ilé ìwòsàn, kọ̀ǹpútà ló ń tò wọ́n bí orí bá ṣe ṣe é fún oníkálùkù, wọn ò wo ipò tó o mú nílé-ẹ̀kọ́ mọ́. Aláìsàn kankan ò sì bi mí rí pé ibo ni mo ti kàwé. Ibi tí àwo omi òun wà ni wọ́n máa ń béèrè.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ló yẹ kó gba oorun lójú rẹ. Ní Oxford àti Cambridge, ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì sáyẹ́ǹsì, ẹ̀yìn ìyẹn lo tó máa rí wọ́ọ̀dù dáadáa, ọdún mẹ́fà sì ni gbogbo rẹ̀. Àwọn mìíràn ń lo ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ ní McMaster ní Kánádà lọ́dún 1969: wọ́n á kó ọmọ bíi mẹ́jọ jọ, wọ́n á gbé ìṣòro aláìsàn kan lé wọn lọ́wọ́, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ wá ohun tẹ́ ẹ nílò láti mọ̀. Ọ̀nà yìí pa ọ̀rẹ́ mi kan lára, torí pé tíṣà tó máa dúró níwájú kọ nǹkan sójú pátákó ló ń wá. Ní tèmi, ó yé mi ju ìwé lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Mo bi í bóyá ó fẹ́ fi ọdún márùn-ún kọ́ ọ ni, àbí ó fẹ́ sá fún un. Kò tíì dá mi lóhùn.

Lọ síbẹ̀ bí o bá lè lọ. Má bi àwọn tí wọ́n wọ aṣọ yunifásítì dúró lẹ́nu ọ̀nà ní nǹkan kan, ẹnu dídùn ni wọ́n yàn wọ́n fún. Wá ọmọ ọdún kẹrin tó ń jẹun lọ́wọ́, bi í pé aago mélòó ló jí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èyí tí mo bi dáhùn pé aago márùn-ún: bọ́ọ̀sì méjì ló ń wọ̀ kó tó dé ilé ìwòsàn tí wọ́n pín in sí. Kò sí ìyẹn nínú ìwé ìpolówó wọn.

Bó bá jẹ́ orílẹ̀-èdè tó o ti fẹ́ kàwé kọ́ lo ti fẹ́ ṣiṣẹ́, wo orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà nínú World Directory of Medical Schools, àkọsílẹ̀ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn àgbáyé, kó o tó san kọ́bọ̀. Pé ó wà níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé o ti gba ìwé àṣẹ ìṣègùn o. Lọ ka òfin àjọ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ níbi tó o fẹ́ gbé.

Nígbà tá a parí, nǹkan bí aago mọ́kànlá òru ni. Ọ̀kan péré ló ṣẹ́ kù nínú mẹ́rin àkọ́kọ́, èyí tí máàkì tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ ga ju tọmọ náà lọ díẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kó wà níbẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ ní ọ̀kan tọ́kàn ń fẹ́. Nínú mẹ́ta tuntun tá a fi rọ́pò àwọn yòókù, méjì jẹ́ ibi tí máàkì tirẹ̀ ti ju iye tí wọ́n gé sí, ìkẹta sì jẹ́ ibi tó ti bá a dọ́gba. Mo ní kó lọ béèrè lọ́jọ́ Mọ́ńdè pé ọjọ́ wo ni ilé-ìwé rẹ̀ fẹ́ gba fọ́ọ̀mù, torí pé tíṣà ló máa kọ lẹ́tà ẹ̀rí sí i, tíṣà kì í sì í dúró de ọjọ́ 15. Àyè karùn-ún ṣì ṣófo. Òun ń sọ pé ìmọ̀ nípa oògùn, ìyá rẹ̀ tó ń gbọ́ wa láti kíṣìnì ń sọ pé nọ́ọ̀sì. Èmi bọ́ sílé.