Mítà omi tó ń fi kíkà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀: àwọn àṣìṣe tí kò yẹ kí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe

Gbogbo ẹni tí wọ́n ti gbé mítà iná púríìpéèdì wá bá nílé ló mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní mítà tuntun ti dé, pé ẹnikẹ́ni kò ní í méfò iye tí a jẹ mọ́. Ti omi náà ń bọ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Káàkiri àgbáyé ni àwọn ìlú ti ń yọ mítà omi tí èèyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ kà, tí wọ́n ń fi èyí tó ń fi kíkà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì rọ́pò rẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò ní í bá a jà. Ṣùgbọ́n kí àwọn tó máa buwọ́ lùwé, àti àwa tí wọ́n máa gbẹ́ iwájú ilé wa, fi èyí sọ́kàn: mítà ló ń wọn omi. Ẹ̀rọ tí wọ́n dè mọ́ ọn lórí, iṣẹ́ tí mítà bá rán an nìkan ló ń jẹ́. Bí mítà bá purọ́, irọ́ yẹn á tètè dé ọ́fíìsì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Á tún dé pẹ̀lú aago àti déètì, débi pé kò ní í sí ẹni tó máa fẹ́ bá a jiyàn.

Ẹ má dè é mọ́ páìpù tó ń fọn afẹ́fẹ́

Èyí ló burú jù lójú mi: kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èríàlì kí a tó débi páìpù. Odò Ọbà ni omi ẹ̀rọ ìlú yìí ti ń wá. Ẹni tó bá ń gbé Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n tàbí Máṣífà kò nílò kí n sọ fún un pé omi náà kì í ṣàn tọ̀sán tòru. Ó ń wá, ó ń lọ. Ìdí nìyẹn tí kànga àti bọ́ọ̀hóòlù fi pọ̀ tó báyìí. Bí omi bá lọ, páìpù á gbẹ, afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún ṣí i, omi tó ń bọ̀ á máa ti afẹ́fẹ́ yẹn síwájú. Ẹ ti gbọ́ ọ rí. Ẹ ṣí ẹ̀rọ, ó kọ́kọ́ súfèé, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, ó tu omi pupa sí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi gidi tó já geere. Ẹ lọ wo ojú mítà ní gbogbo àsìkò tó ń súfèé yẹn. Bó bá jẹ́ irú èyí tí abẹ́ kékeré ń yí nínú rẹ̀, ẹ máa rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ń yí fìrìfìrì. Abẹ́ yẹn kò mọ omi yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́. Ohun tó bá ti yí i, á kà á, onílé á sì san án.

Nígbà tí èèyàn ṣì ń ka mítà, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó wá kà á wo ojú ilé, kó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ̀yin mẹ́ta yìí lẹ lo gbogbo èyí?" Á tún un kà, á béèrè bóyá páìpù ń jò. Ẹ̀rọ kì í béèrè. Inú bíìlì ló ń lọ tààrà.

Nítorí náà, kí owó èríàlì tó jáde, kí owó fáàfù tó ń tú afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ jáde, kí wọ́n sì fi í sí ibi tí páìpù ńlá bá ti gun òkè. Kí wọ́n fi àsẹ́ síwájú mítà, nítorí iyanrìn àti ìpẹtà tí omi àkọ́kọ́ ń gbé bọ̀ máa ń jẹ abẹ́ mítà díẹ̀díẹ̀. Bí owó bá tó, mítà tí kò ní abẹ́, èyí tó ń fi ìró wọn omi, sàn fún ìlú tí omi rẹ̀ ń wá tó ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń mọ̀ bí páìpù bá ṣófo, wọn kì í sì í ka afẹ́fẹ́. Ó wọ́n ju ti alábẹ́ lọ, òótọ́ ni. Àmọ́ a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Irọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ omi ló ń pa lára. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní táńkì lókè, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tó ń léfòó nínú rẹ̀ tó máa ń ti omi bí táńkì bá kún. Bó bá kù díẹ̀ kó kún, tín-ín-rín lomi ń wọlé. Mítà ilé tó wọ́pọ̀ lórí páìpù mìlímítà 15 máa ń ní Q3, ìyẹn omi tó pọ̀ jù tí wọ́n ṣe é láti máa wọn déédéé, tó jẹ́ kúbíìkì mítà 2.5 ní wákàtí kan. Bí wọ́n bá kọ R80 sí i lójú, ìyẹn ni pé kí a pín Q3 sí ọ̀nà 80, ibi tó kéré jù tí ISO 4064, ìlànà àgbáyé fún mítà omi, ti ní kí ó kà á dáadáa jẹ́ nǹkan bíi lítà 31 ní wákàtí kan. Omi tó bá kéré sí èyí, mítà lè dín in kù, ó sì lè má kà á rárá. Lítà 31, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan àti díẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó máa wọlé bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án kan, lóru kan: ó ti tó kẹ́ẹ̀gì 30. Èyí tí wọ́n kọ R160 sí lára lè ka omi tó kéré tó ìdajì èyí. Ẹni tó bá ra R80 torí pé ó pọ́ọ́kú, tó wá ra ẹ̀rọ ìfiránṣẹ́ olówó gọbọi lé e lórí, owó rẹ̀ ló fi ṣòfò.

Ẹ má fi ìwé àtijọ́ ṣe orúkọ oníbàárà

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ agbo ilé. Páìpù kan ṣoṣo ló wọlé láti ojú títì. Ó gba abẹ́ ilé ńlá kọjá, ilé bàbá kékeré so tiwọn mọ́ ọn, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní kí púlọ́ńbà fa tirẹ̀ jáde síwájú ìsọ̀. Orúkọ tó wà lórí bíìlì jẹ́ ti bàbá tó ti sùn tipẹ́. Bí ẹ bá fi mítà tuntun kan ṣoṣo sẹ́nu ọ̀nà irú agbo ilé bẹ́ẹ̀, kíkà rẹ̀ á tọ̀nà dé orí lítà. Ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí bíìlì bá dé, torí kò sí ẹni tó máa gbà pé òun lòun lo púpọ̀ jù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ilé tí wọ́n jọ ń dá owó iná mọ ohun tí mò ń wí.

Kí wọ́n tó pàṣẹ mítà kan, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn ín nílé nílé. Kí wọ́n bá baálé agbo ilé jókòó, kí wọ́n mọ páìpù tó wọlé, ibi tó yà sí, ẹni tó ń sanwó àti ẹni tí kò san rí. Ní àgbègbè Under G, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ń gbé, kí wọ́n béèrè bóyá onílé ló ń san owó omi àbí ayálégbé. Ayálégbé á kó lọ, gbèsè á wà lára mítà. Iṣẹ́ yìí kò dùn, kò sì dára fún fọ́tò. Àwọn agbaṣẹ́ṣe máa ń fò ó.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ń pààrọ̀ mítà gan-an ni ọ̀pọ̀ ìdààmú ń wọlé. Ẹ wo púlọ́ńbà tó gbé mítà mẹ́jọ sínú àpò kan, tó ń sáré kí oòrùn tó mú. Ó de ọ̀kan sí ilé tó wà lápá ọ̀tún, ó de ọ̀kan sí òdìkejì, ó wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé. Bó bá kọ wọ́n lódìlódì, ilé àkọ́kọ́ á máa san owó omi ilé kejì títí láé, kọ̀ǹpútà á sì máa búra pé kò sí àṣìṣe. Kí wọ́n má jẹ́ kó kúrò nídìí mítà kó tó ṣe ohun mẹ́ta: kó ya fọ́tò ojú mítà àtijọ́ kó tó tú u, kó ya ti tuntun pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, kó ṣí ẹ̀rọ ilé náà kan kí ó rí i pé mítà tó ń yí ni ti ilé yẹn lóòótọ́. Kí onílé náà ya tirẹ̀ sórí fóònù. Kí wọ́n má sì da mítà àtijọ́ nù títí onílé á fi rí bíìlì àkọ́kọ́ àti ìkejì, kó gbà á.

Ohun kékeré kan tún wà tó máa ń sọ bíìlì di ìlọ́po mẹ́wàá. Àwọn mítà kan ń ta àmì kan sí ẹ̀rọ ìfiránṣẹ́ fún lítà 10, àwọn mìíràn fún lítà 1 tàbí 100. Bí mítà bá ń ta àmì fún lítà 10, tí ẹni tó ṣètò kọ̀ǹpútà wá tẹ 100, ilé tó lo kúbíìkì mítà 12 á rí 120 lórí bíìlì. Kúbíìkì mítà kan jẹ́ ogójì kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Bátìrì, rédíò àti kọ́kọ́rọ́

Bátìrì lítíọ́mù fóòlùtì 3.6 ló wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ẹ̀rọ yìí. Àwọn tó ń tà á á ní ọdún 10 sí 15 ló máa lò. Ẹ bi wọ́n: bó bá ń fi kíkà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mélòó lójúmọ́? Ìlérí ọdún 15 sábà máa ń jẹ́ ti ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá rọ, ẹ̀rọ á máa pariwo léraléra kí wọ́n tó gbọ́ ọ, bátìrì á sì tètè tán. Toronto ní Kánádà kì í ṣe ìlú tálákà. Wọ́n fi ẹ̀rọ báyìí sí ojú mítà tó lé ní 400,000, wọ́n ń retí nǹkan bí 20 ọdún, àmọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń kú kí ó tó pé bẹ́ẹ̀. Kí àdéhùn sọ ẹni tó máa gbé e pààrọ̀, àti ẹni tó máa san owó púlọ́ńbà.

Ẹ má ṣe àyẹ̀wò nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Ihò mítà tó gbẹ ní oṣù Kínní lè kún fún omi ní oṣù Kẹsàn-án, rédíò kì í sì í gba inú omi jáde bó ṣe yẹ. Ìdérí onírin náà ń dí i lọ́wọ́. Ti ike sàn jù, àwọn tó ń ra irin àlòkù kò sì ní í wá jí i.

Kí wọ́n tó ra rédíò kan, kí wọ́n kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ fóònù àti rédíò báyìí ní Nàìjíríà. Èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ń lo ìgbì rédíò 902 sí 928 MHz, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù wa sì wà nínú apá kan lára ibẹ̀. Bó bá jẹ́ síìmù ló wà nínú rẹ̀, kí wọ́n béèrè ọdún tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn ṣì máa wà. AT&T, ilé-iṣẹ́ fóònù kan ní Amẹ́ríkà, pa 3G rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2022, ohunkóhun tí kò mọ òmíràn sì dákẹ́.

Èyí tí wọn kì í fẹ́ sọ jáde nínú ìpàdé ni kọ́kọ́rọ́, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí kọ̀ǹpútà fi ń tú kíkà. Àwọn ẹ̀rọ tó dára ń sọ kíkà di àṣírí kí aládùúgbò má baà tẹ́tí sí i, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá rí i pé omi ilé kan kò yí láti ọjọ́ Ẹtì ti mọ̀ pé àwọn onílé ti rìnrìn àjò. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, kan irú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tó ń tú u, ọwọ́ ta ló wà? Bó bá jẹ́ ọwọ́ olùtajà nìkan, ọjọ́ tí ìjà bá dé ni mítà ìlú á di gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Kí wọ́n gba gbogbo kọ́kọ́rọ́ náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba mítà.

Àwọn mítà kan tún ní fáàfù tí ọ́fíìsì lè fi tì omi láìdé ilé. Ẹ fara balẹ̀ lórí ìyẹn. Àwọn ará Phiri ní Soweto gbé ìlú Johannesburg lọ sílé ẹjọ́ lórí mítà omi púríìpéèdì. Ó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn, ìlú ló sì jàre ní 2009, ṣùgbọ́n ó ti gba ọdún mélòó kan lọ́wọ́ wọn.

Bíìlì àkọ́kọ́

Ẹ má lé àwọn tó ń ka mítà lọ. Àwọn ló mọ ilé tí ajá rẹ̀ ń gé èèyàn jẹ, àwọn ló mọ mítà tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ bò mọ́lẹ̀, àti ọ̀nà tí páìpù gbà dé ẹ̀yìn ọjà. Kí wọ́n máa ka àdúgbò kan lọ́wọ́ fún oṣù mélòó kan bí ẹ̀rọ ṣe ń kà á, kí wọ́n fi méjèèjì wéra. Kí bíìlì má jáde láti inú ẹ̀rọ níbi tí wọn kò bá tíì bára mu. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò kan ṣoṣo, ní ẹ̀yìn Tákíè bóyá, kó má jẹ́ gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà.

Mítà tuntun sábà máa ń ka ohun tí àtijọ́ ti ń fò, nítorí náà bíìlì àwọn kan á lọ sókè láìsí pé ẹnikẹ́ni rẹ́ wọn jẹ. Kí wọ́n sọ èyí ṣáájú, lórí rédíò àti ní ìpàdé àwọn onílé, ní Yorùbá tí ìyá arúgbó gbọ́. Lọ́sẹ̀ tí bíìlì àkọ́kọ́ bá jáde, kí tábìlì ìráhùn wà ní àdúgbò náà, kó má jẹ́ Ìbàdàn. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, kó lè ṣí kíkà ilé kọ̀ọ̀kan ní wákàtí wákàtí, kó fi han onílé bóyá omi ń yí láago méjì òru tí gbogbo èèyàn ti sùn, torí páìpù tó ń jò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kó sì ní àṣẹ láti gé iye tó bá ṣì lórí bíìlì lójú ẹsẹ̀, láì kọ lẹ́tà sí ọ̀gá kankan.