Bí A Ṣe Ń Fi Kànáfùrù Dín Ìrora Akokoro Kù

Kànáfùrù tí a ń jù sínú sóbò ní epo kan tó ń jẹ́ eugenol, òun ló sì ń mú kí ibi tó bá kàn nínú ẹnu kú fún ìgbà díẹ̀. Àwọn oníṣègùn eyín pàápàá máa ń lò ó nínú ohun tí wọ́n fi ń dí ihò eyín fún ìgbà díẹ̀.

Odindi ni kí ẹ rà ní ọjà Òyìngbò tàbí Múṣin, ẹ má ra èyí tí wọ́n ti lọ̀, nítorí ta ló mọ ohun tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn? Ẹ fi èékánná tẹ orí rẹ̀ wò bóyá epo yóò yọ. Bí ẹ bá jù ú sínú omi, èyí tó dára yóò rì tàbí kó dúró ṣánṣán, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti fa epo rẹ̀ tán yóò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sórí omi.

Ẹ po ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ mọ́ ife omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ fi fọ ẹnu dáadáa, nítorí èérún ẹran tó há sínú ihò eyín ló ń dá wàhálà sílẹ̀ nígbà mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ kànáfùrù kan sínú omi gbígbóná kó lè rọ̀, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ eyín tó ń dùn yín, kí ẹ sì rọra fi eyín tẹ̀ ẹ́ láìrún un. Yóò kọ́kọ́ ta yín, lẹ́yìn náà ibẹ̀ yóò kú bí ẹsẹ̀ tí a jókòó lé lórí. Ẹ tu ú dànù lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 10. Ẹ má ṣe sùn tì í lẹ́nu, kó má baà há yín lọ́fun tàbí kó bó erìgì yín.

Bó bá jẹ́ epo rẹ̀ ni ẹ ní, ẹ kán ẹ̀kán kan péré sínú ṣíbí òróró àgbọn, kí ẹ fi òwú tọ́ ọ síbẹ̀. Ẹni tó ń rẹ kànáfùrù sínú ògógóró ń fi erìgì ara rẹ̀ ṣeré ni. Ẹ má fi epo náà sẹ́nu ọmọdé rárá, torí ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá gbé mì lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ léèrè ná.

Kànáfùrù kì í dí ihò eyín. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí ara ń gbóná, tàbí tí ẹnu kò ṣeé là, ẹ lọ rí oníṣègùn eyín lọ́jọ́ náà gan-an, yálà ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, l'Ékòó, tàbí níbi tó bá súnmọ́ yín, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ti fi sí i, nítorí eyín tí kànáfùrù ti mú kú fún ìgbà díẹ̀ lè mú kó ṣòro fún un láti mọ èyí tó ń dùn yín.