Mo Lọ Wo Humuhumunukunukuāpuaʻa ní Hanauma

Orúkọ ẹja yìí ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn, kí n tó mọ ẹja fúnra rẹ̀. Humuhumunukunukuāpuaʻa. Kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó dé Honolulu, ní ìpínlẹ̀ Hawaii lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Àmì kékeré tó wà láàárín a méjì tó gbẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ibẹ̀ lèèyàn ti ń gé ohùn lọ́nà ọ̀fun. Ẹni tó bá ń fi àmì ohùn sórí Yorùbá kò ní fojú kéré rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Hawaii ni humuhumu onímú ẹlẹ́dẹ̀; humuhumu ni wọ́n ń pe irú ẹja yìí lápapọ̀. Oríkì gidi nìyẹn, mo sì fẹ́ fojú ara mi rí i bóyá ó bá ẹja náà mu.

Hanauma la forí lé, ibi tí òkun ti ya wọ ilẹ̀ ní erékùṣù Oʻahu. Láti 1967 ni òfin ti ń dáàbò bo ẹja ibẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti gba àyè sílẹ̀. Kí wọ́n tó jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ sétí omi, wọ́n fi fídíò kan hàn wá: ẹ má tẹ iyùn mọ́lẹ̀, ẹ má fún ẹja lóúnjẹ. Iyùn tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti ọrùn. Ohun ẹlẹ́mìí ni, díẹ̀díẹ̀ ló ń dàgbà, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sì lè ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́. Torí rẹ̀ ni mo ṣe wọ ẹ̀wù alápá gígùn dípò kí n fi ìpara oòrùn kunra. Láti 2021 ni Hawaii ti fòfin de títa ìpara oòrùn tó ní oxybenzone tàbí octinoxate nínú, èròjà méjì tí wọ́n ní ó lè pa iyùn lára.

Omi tí kò ju àyà lọ ni mo wọ̀, torí ẹja yìí kì í ṣe ẹja inú ibú. Orí àpáta iyùn tí omi rẹ̀ kò jìn, níbi tí ìgbì ti ń kọlu òkúta, ló fi ṣe ilé. Mo fi awò bojú, mo ki ọ̀pá mímí bọnu, mo dojú bolẹ̀, mi ò sì mi ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń lé e, ìrù nìkan ló máa rí. Ó tó 20 ìṣẹ́jú kó tó yọ.

Ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi pẹ̀lú ìka. Ìgbànú dúdú kan bẹ̀rẹ̀ láti ojú rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ wálẹ̀ gẹ̀rẹ́, ó ń fẹ̀ sí i títí dé lẹbẹ abẹ́. Imú rẹ̀ gùn, ẹnu kékeré wà ní ṣóńṣó rẹ̀, ojú sì wà lókè réré. Nǹkan ẹlẹ́gùn-ún bí òòrẹ̀ wà lára oúnjẹ rẹ̀, ẹ̀gún kò sì lè tètè dé ojú tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ojú kan ń wò mí, èkejì ń wo ilẹ̀. Kò ju ìrù rárá. Lẹbẹ ẹ̀yìn àti ti abẹ́ ló ń jó bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́.

Ó dorí kodò, ó tú omi látẹnu sí iyanrìn, fùú! Iyanrìn ṣí, ó fi eyín gbé nǹkan kan níbẹ̀, ó tún tú omi. Bí ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń fi imú tú ilẹ̀ gan-an ni.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan ti fẹsẹ̀ lé orí iyùn láti tún awò rẹ̀ dè. Ó dùn mí wọra, torí fídíò tí èmi wò lòun náà wò. Ẹja náà bẹ́ sínú pàlàpálá àpáta, ó ké ùn-ún, ùn-ún, mo gbọ́ ọ kedere lábẹ́ omi. Ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ ti dìde gbọnrangandan. Ẹ̀gún yìí ló wú mi lórí jù. Bó bá ti nà, ẹ̀gún kejì, tó kéré, á tì í lẹ́yìn bí ìgbà téèyàn fi igi dá ilẹ̀kùn; ẹ fà á títí, kò ní jáde. Àfi tẹ́ ẹ bá tẹ èkejì yẹn, kíá lèkíní á wó. Bí ohun tí à ń fà kí ìbọn tó yìn ló rí, ìdí nìyẹn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè é ní triggerfish.

“Ṣé ibi tó wọ̀ rèé?” ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

“Ibẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má sún mọ́ ọn mọ́.”

A dúró. Ẹja tí à ń dúró dè yìí, olóyè ni. Ó ti jẹ ẹja ìpínlẹ̀ Hawaii rí fún ọdún 5, àkókò òfin náà parí ní 1990, wọ́n sì dá oyè padà fún un títí láé ní 2006, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà títí dé Òkun Pupa.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ẹ̀gún náà wó lẹ̀. Ó yọ imú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì lẹ́ẹ̀kan náà, ó padà sídìí ihò iyanrìn tó ti gbẹ́.