Kí ẹ tó sọ pé ilé-ìwé aládàáni ti wọ́n jù: owó TEG ní Texas

Ní oṣù kẹrin ọdún tí àkọ́bí mi ń jáde ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì ní Alief, níbí ní Houston, lẹ́tà méjì dé lọ́sẹ̀ kan náà. Yunifásítì ìjọba gbà á, yunifásítì aládàáni náà gbà á. Bàbá rẹ̀ wo iye tó wà lára lẹ́tà aládàáni, ó ká a, ó fi sábẹ́ Bíbélì, ó ní ọ̀rọ̀ ti tán. Ọmọ náà ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ Sátidé tí n kò lọ síṣẹ́, mo fa lẹ́tà náà yọ, mo kà á délẹ̀. Ilé-ìwé náà fẹ́ fún un lówó, ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fún un, ìpínlẹ̀ Texas náà fẹ́ fún un. Nígbà tí mo yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ohun tó kù fún wa láti san kò jìnnà sí ti ilé-ìwé ìjọba mọ́. Orúkọ owó ìpínlẹ̀ yẹn ni Tuition Equalization Grant, TEG ni gbogbo wa ń pè é.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń jókòó ti àwọn òbí lẹ́yìn ìsìn, ní gbọ̀ngàn tí a ti ń jẹun ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ohun tí mo ń sọ fún wọn nìyí.

Ọdún 1971 ni ilé aṣòfin Texas dá TEG sílẹ̀, kí ọmọ tó bá wu láti lọ ilé-ìwé aládàáni má baà pàdánù nítorí pé owó ibẹ̀ ju ti ìjọba lọ. Kì í ṣe owó yíyá, ẹ ò ní san án padà. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé aládàáni tí kò sí fún èrè nìkan ló wà fún: irú Houston Christian tó wà ní Fondren, St. Thomas ní Montrose, Rice, tàbí Baylor ní Waco. Àwọn ilé-ìwé tí ẹnì kan dá sílẹ̀ láti fi pawó, tí ẹ máa ń rí ìpolówó wọn pé èèyàn á di nọ́ọ̀sì kíákíá, kò sí nínú rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi ilé-ìwé ni pé, “Ṣé ẹ máa ń fúnni ní TEG?” Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Kò sí fọ́ọ̀mù TEG lọ́tọ̀. Ìpínlẹ̀ ń kó owó náà fún ilé-ìwé, ilé-ìwé ló ń pín in fún àwọn tó yẹ títí yóò fi tán. FAFSA tí ọmọ yín kún, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ fún owó ìrànwọ́ ilé-ìwé, ni wọ́n ń wò. Nítorí náà ni ọjọ́ 15 oṣù kìíní fi ṣe pàtàkì ní Texas: òun ni ọjọ́ tí wọ́n máa ń fi sí i fún àwọn tí wọ́n á kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Ẹni tó tètè dé odò ní ń pọn omi tó tòrò. Oṣù kẹwàá ni FAFSA sábà máa ń ṣí, ẹ má jẹ́ kó di Kérésìmesì.

Níbi FAFSA yìí, ohun méjì ló ń dá àwa Yorùbá dúró. Àkọ́kọ́ ni orúkọ. Bí orúkọ ṣe wà lórí káàdì Social Security gẹ́lẹ́ ni kí ẹ kọ ọ́. Bí Oluwadamilola bá wà níbẹ̀, ẹ má kọ Dami, ẹ má sì fi orúkọ bàbá àgbà kún un. Èkejì ni pé a kì í fẹ́ kí ọmọ mọ iye tí à ń gbà. Ó yé mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ èmi náà. Ṣùgbọ́n òbí ní àkáǹtì tirẹ̀ lọ́tọ̀ lórí FAFSA, ó sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n lè yẹ ìwé owó-orí rẹ̀ wò. Bí ẹ bá kọ̀, TEG ò ní ṣeé ṣe, nítorí ẹni tí wọ́n bá rí i pé owó ò tó lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fún. Ìwé owó-orí ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ń lò. Bí iṣẹ́ bá ti bọ́ lọ́wọ́ yín láti ìgbà náà, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì owó ìrànwọ́, kí ẹ fi ẹ̀rí sí i.

Ọ̀rọ̀ pé ta ni olùgbé Texas gan-an ló ń gba àkókò mi jù. Ọmọ tó bá gbé Texas fún oṣù 36 kó tó jáde sẹ́kọ́ńdírì níbí, tó sì wà níbí fún oṣù 12 tó ṣáájú ọjọ́ tí yunifásítì ń ka akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ti yege, bí òfin bá fàyè gbà á láti máa gbé Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni kò rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé onílé gbígbé (boarding) ní Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú kó lè gbọ́ èdè, kó sì ní ẹ̀kọ́? Ọmọ ìjọ wa kan padà dé pẹ̀lú WAEC, ó dáhùn ìbéèrè ibùgbé bí ẹni tí kò ní ìdílé ní Texas, wọ́n sì kà á sí àlejò. Bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ ti ra ilé sí Richmond ní Texas tipẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbí. Bí ọmọ bá ṣì wà lábẹ́ yín, ibùgbé yín ni tirẹ̀, bí ẹ bá ti fìdí múlẹ̀ ní Texas fún oṣù 12 ó kéré tán. Nínú ìbéèrè ibùgbé yẹn, apá tó béèrè nípa òbí ni kí ẹ kún. Ẹ kó ìwé ilé tàbí ti rẹ́ǹtì jọ, ìwé owó oṣù, láísẹ́ǹsì ọkọ̀ Texas, bíìlì iná. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti Maryland, ẹ ka oṣù yín dáadáa. Ẹni tó wà lórí físà F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, kò lè fi físà yẹn fìdí ibùgbé múlẹ̀.

Àwọn tó kù kò le. Ọkùnrin tó ti pé ọdún 18 gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ sí Selective Service, àkọsílẹ̀ ìjọba fún àwọn tí wọ́n lè pè sí iṣẹ́ ológun. Ẹni tó ń gba owó ilé-ìwé nítorí eré ìdárayá kò lè gba TEG pọ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti di pásítọ̀. Mo mọ̀ pé ó dun àwọn kan nínú wa, ẹ wá owó ìyẹn sọ́dọ̀ ìjọ.

Rírí i gbà kò tíì tó o. Ó kéré tán, kírẹ́dítì 9 ni ọmọ gbọ́dọ̀ kà ní sẹ̀mẹ́sítà kan kó tó lè gbà á. Lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, kó tó lè máa bá a lọ, ó gbọ́dọ̀ yege kírẹ́dítì 24 lọ́dún, kó parí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó bẹ̀rẹ̀, kí GPA rẹ̀, ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀, má sì dín sí 2.5. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 9 àti 9, 18 péré ni. Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin mi ti ṣubú. Kírẹ́dítì 12, lẹ́yìn náà 9, kò sí ẹni tó kìlọ̀ fún un ní ilé-ìwé rẹ̀ pé 21 kò tó. Kíláàsì kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ìbá ti dí i.

Ohun tó gbà wá ni pé òfin fàyè gba ilé-ìwé láti fojú àánú wo ẹni tí àìsàn tàbí ìtọ́jú aláìsàn dá dúró. Sẹ̀mẹ́sítà yẹn gan-an ni mo ṣe iṣẹ́ abẹ, òun ló ń gbé mi lọ gbé mi bọ̀. A kọ lẹ́tà ojú ìwé kan, a kọ ọjọ́ tí mo wọ ilé ìwòsàn àti ọjọ́ tí mo jáde, a fi ìwé dókítà sí i, ọmọ náà sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Kó tó kúrò níbẹ̀, ó gba orúkọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa.